Mí Sínú Omi

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi pẹja lójú òkun Íslándì,
n kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Bàbá mi tó kọ́ mi ní àwọ̀n jíjù ló sọ ọ́:
"Òkun tiwa tutù ju ohun tí à ń bá jìjàkadì lọ.
Ẹni tó bá já sí i, kó yáa tètè lọ.
Òmùwẹ̀ kàn ń pẹ́ kú ni."
Gbogbo wa nínú ọkọ̀ la gbà á gbọ́,
a fi kọfí gbígbóná sìn ín lọ sísàlẹ̀ ọ̀fun.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń kọ́ ọ nílé ìwé.
Ilé ìwé tèmi kò ju yàrá kan àti sítóòfù lọ.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́,
dókítà ní kí n wọ omi.
Ni mo bá dé adágún abúlé wa lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
omi gbígbóná láti abẹ́ ilẹ̀ ń rú èéfín,
yìnyín ń bọ́ sórí pípá mi.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan dúró létí rẹ̀,
fèrè lọ́rùn, fìlà irun àgùntàn lórí.
Sólrún. Èmi àti ìyá ìyá rẹ̀ la jọ ń la ikùn ẹja nígbà kan.
Kò tilẹ̀ bi mí pé ara ńkọ́.
Ó ní, "Ketill, dojú bolẹ̀."

Mo gbórí sókè bí ajá tó ń sọdá odò,
ìdí mi rì, ẹsẹ̀ tẹ̀lé e.
"Orí wúwo," ló wí. "Bí o bá gbé e sókè,
ìdí ni yóò san gbèsè rẹ̀.
Ìsàlẹ̀ adágún ni kí o máa wò. Ka táìlì."
Mo ka táìlì. Mọ́kànlá, ọ̀kan là.
Mo gbé omi mì.

"O ń sé èémí mọ́nú. Kí lo ń fi pamọ́?
Mí sínú omi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná.
Tí ó bá tán, yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe sókè,
kí etí kan ṣì wà nínú omi
bí ẹni ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ aládùúgbò."

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò:
kéèyàn ki ojú bọ inú ohun tó ti ń sá fún láti kékeré,
kó tún máa fi èémí rẹ̀ ta á lọ́rẹ.
Èéhó ń gba etí mi kọjá, kutukutu, kutukutu,
n kò sì kú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀. Mo ń ta á bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́.
"Láti ìbàdí ni, Ketill! Orúnkún kò níṣẹ́ níbí."
Orúnkún mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ ló le jù. Mo ń di ìkúùkù,
nítorí okùn àwọ̀n ti kọ́ ìka mi bẹ́ẹ̀.
Ó mú ọwọ́ mi, ó ń tú ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan:
"Omi kì í ṣe okùn. Má dì í mú.
Na apá, kó gùn bí ẹni fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ,
fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó o yọ́ lọ."
Mo fẹ́ sọ fún un pé méjì nínú wọn kì í nà mọ́
láti ọdún tí wáyà ti há wọn.
Ó ti dé ibẹ̀. Ó fo méjèèjì láìsọ nǹkan kan.

Oṣù Kejìlá, tí ojúmọ́ kì í mọ́ bọ̀rọ̀,
mo gbéra láti ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ iná òpó.
Mo mí jáde. Mo yíjú. Mo na apá.
Nígbà tí mo dé àárín ni Brandur wọ inú mi,
ọmọ ogún ọdún, tí ìgbì gbá kúrò lórí ọkọ̀ wa.
Àlàfo àárín òun àti ọkọ̀ lóru yẹn
kò tó adágún yìí.
Kò tó o rárá. A rí ojú rẹ̀.

"Ketill!" fèrè dún. "O tún ti gbórí sókè."